Kí A Tó Kó Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Dànù

(Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ìsinmi nílé. A tún un kọ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá.)

   

Ẹ ó rántí ọ̀rọ̀ tó wáyé lórí group wa lórí yàrá kọ̀ǹpútà wa. Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ ọ́ pé kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án tó wà níbẹ̀ ti di arúgbó, wọn ò lè sáré mọ́, kí á kó wọn dànù, kí á dá owó ra tuntun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi àtẹ́lẹwọ́ gbè é. Mi ò bá ẹ̀gbọ́n wa jà o. Ìfẹ́ ìlú ló mú kí wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún yín kí a tó na owó yẹn.

Ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò wa, ó wà ní SS3, ó ń múra fún JAMB. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ àwọn fídíò tí olùkọ́ kan fi ṣàlàyé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 1.4GB. Ó ra dátà, ó jókòó sídìí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáńlóòdù. Nígbà tó dé bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, NEPA mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, fáìlì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ó tún ra dátà lọ́jọ́ kejì, nẹ́tíwọ̀kì já lágbedeméjì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ọjọ́ kẹta, ó sọ fún mi pé ó ti sú òun. Owó dátà yẹn, láti inú gàrí tí ìyá rẹ̀ ń tà ló ti wá.

Ẹ gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Fáìlì yẹn gan-an wà lórí fóònù mi. Mo ti gbà á ní yunifásítì láti oṣù tó kọjá. Ilé wa sí ilé wọn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè, èmi náà ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì rí i gbà, nígbà tí ohun náà wà ládùúgbò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí fáìlì ṣe ń rìn. Kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà lè lọ́ra lóòótọ́. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òun ló ń dá wa dúró. Ọ̀nà tí a ń gbé fáìlì gbà ló tóóró, a sì ń gbé ẹrù kan náà gba ọ̀nà jíjìn lẹ́ẹ̀mẹwàá dípò ẹ̀ẹ̀kan.

B ŃLÁ ÀTI b KÉKERÉ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun kan tó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Àwọn tó ń ta dátà máa ń fi Mbps sọ bí nẹ́tíwọ̀kì wọn ṣe ń sáré. b kékeré ni b tó wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wa ní tirẹ̀ máa ń fi MB sọ bí fáìlì ṣe tóbi. B ńlá nìyẹn. B ńlá kan jẹ́ b kékeré mẹ́jọ. Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ fún yín pé nẹ́tíwọ̀kì jẹ́ 8 Mbps, ẹ pín in sí mẹ́jọ: ohun tí ẹ ó rí lójú kọ̀ǹpútà kò lè ju 1MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáìlì 1GB yóò gbà tó ìṣẹ́jú 17, tí nǹkan kan kò bá dí i lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí 1MB yìí, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́, wọ́n ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Kò sẹ́ni tó rẹ́ wọn jẹ níbẹ̀. Wọn ò pín in sí mẹ́jọ ni.

AFÁRÁ TÓ TÓÓRÓ JÙ

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó kòkó mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Tí lọ́rí mẹ́wàá bá ń bọ̀ láti oko, tí afárá kan tó gba lọ́rí kan ṣoṣo sì wà níwájú wọn, ọ̀nà ọ̀dà tó fẹ̀ lẹ́yìn afárá yẹn kò ní kí wọ́n tètè dé ọjà. Bí fáìlì ṣe ń rìn náà nìyẹn. Ó ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀ sórí fóònù tàbí MiFi, ó ń ti ibẹ̀ bọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ń kọ ọ́ sórí hard disk, lẹ́yìn náà ó lè kọjá sí kọ̀ǹpútà mìíràn. Afárá tó tóóró jù nínú gbogbo rẹ̀ ló ń pinnu ìyára.

Láti Ìjerò dé Arámọkọ dé Ẹ̀fọ̀n, òkè ló yí wa ká. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́yìn òkè mọ̀ pé fóònù lè ní àmì mẹ́rin lójú pópó, kó sì di ọ̀kan nínú yàrá. Ibẹ̀ ni afárá àkọ́kọ́ wa wà. Tí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà tuntun tó wọ́n bí ojú síbẹ̀, kò ní yí òkè kúrò.

Báwo la ṣe ń mọ afárá tó tóóró? Ẹ dán fóònù wò nìkan ní ibi tí ẹ fẹ́ jókòó sí. Tí fóònù fúnra rẹ̀ bá lọ́ra, ẹ má dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi, ẹ gbé fóònù lọ sójú fèrèsé. Tí fóònù bá ń sáré, tí kọ̀ǹpútà tó ń lo hotspot rẹ̀ sì lọ́ra, á jẹ́ pé Wi-Fi inú kọ̀ǹpútà ló ti dàgbà. Wi-Fi ní ọjọ́ orí. Èyí tí wọ́n ń pè ní 802.11b, tó jáde ní 1999, kò kọjá 11 Mbps lórí ìwé. 802.11g ti 2003 jẹ́ 54 Mbps lórí ìwé, àmọ́ nínú yàrá gidi, ìdajì rẹ̀ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó rí. 802.11n ti 2009 dára jù wọ́n lọ.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ mú wáyà tí ẹ fi ń ṣa fóònù, ẹ fi so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ lọ sí settings fóònù, kí ẹ tan USB tethering. Dátà yóò gba inú wáyà kọjá, kò ní gba Wi-Fi àtijọ́ yẹn mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 7 pàápàá, fóònù yín á sì máa gba iná lọ́wọ́ kan náà.

Ohun kejì ni pé Windows 10 máa ń lọ bá wa mú update lẹ́yìn láìsọ fún wa. Ẹ̀yin ń rò pé fídíò ń bọ̀, update ló ń jẹ dátà. Ẹ lọ sí ibi Wi-Fi nínú settings, kí ẹ tan metered connection. Ẹ ti dín wàhálà kù nìyẹn.

Ẹ̀KẸTA: Ọ̀NÀ WO LÓ YÁ JÙ LÁTI PÍN FÁÌLÌ?

Ibí lọ̀rọ̀ gan-an wà. Kí a mú fáìlì 1GB kan, kí a gbé e gba ọ̀nà oríṣiríṣi sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́.

Bluetooth. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bluetooth tó wà lórí ọ̀pọ̀ laptop àtijọ́ kò kọjá 3 Mbps lórí ìwé, ohun tí a ń rí gan-an sì máa ń wà ní bíi 0.2MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 1GB yóò gbà ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20 lọ. Bluetooth dára fún orin kan tàbí PDF kan. Fún fídíò ẹ̀kọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Xender, SHAREit àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn wọ̀nyí ń lo Wi-Fi láàárín fóònù méjì tàbí fóònù àti kọ̀ǹpútà, wọn kì í jẹ dátà. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní Wi-Fi 802.11g, a lè rí bíi 2.5MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé 1GB yóò gba bí ìṣẹ́jú méje. Ohun tó mú kí Xender bá kọ̀ǹpútà àtijọ́ mu ni pé ó ní ibi tí a ti lè so mọ́ PC: fóònù yóò fún yín ní àdírẹ́sì kan, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sínú bíráúsà kọ̀ǹpútà, fáìlì yóò jáde níwájú yín. Ẹ kò ní fi nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà rárá.

Mo ní láti sọ ti ààbò. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Trend Micro kéde pé àwọn rí àlébù ààbò nínú SHAREit ti Android. Àwọn tó ni SHAREit sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ti tún un ṣe. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé kí á máa ṣe update app wọ̀nyí láti Play Store, kí á má gba ẹ̀dà tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí á sì pa á lẹ́yìn tí a bá lò ó tán.

Quick Share àti LocalSend. Quick Share ti Google, tí wọ́n ń pè ní Nearby Share títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, yá gan-an, ṣùgbọ́n lórí Windows, 10 sókè ló ń fẹ́. Kọ̀ǹpútà Windows 7 wa kò lè gbé e. LocalSend jẹ́ ọ̀fẹ́, kò ní ìpolówó, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ó wà fún Windows, Linux, Android àti iPhone. Ní tèmi, òun ni mo fẹ́ràn jù fún àwọn kọ̀ǹpútà wa tó ní Windows 10.

Flash. Ojú USB 2.0 tó wà lára kọ̀ǹpútà àtijọ́ jẹ́ 480 Mbps lórí ìwé, ó sì lè gbé tó 30MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí ohun tí a so mọ́ ọn bá dára, bíi external hard disk. Àmọ́ flash olówó pọ́ọ́kú tí a ń rà lójú pópó lè máa kọ 5MB péré. 1GB á gba ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó ṣì dára ju Bluetooth lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé flash ń gbé fáírọ́ọ̀sì láti ilé kan dé èkejì bí ẹ̀fọn ṣe ń gbé ibà. Ohun mìíràn ni pé flash tí wọ́n bá ṣe ní FAT32 kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB, kódà bí àyè 20GB bá ṣófo lórí rẹ̀. Kò bàjẹ́ o. Ẹ kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò, kí ẹ format rẹ̀ sí exFAT.

Wáyà nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ̀yin tèmi, èyí ni mo wá sọ. Gbogbo àwọn kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án wa ló ní ojú Ethernet tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ojú yẹn jẹ́ 100 Mbps, ó sì máa ń gbé bíi 11MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 1GB yóò kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Ẹ fi wé Bluetooth tó gba wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí kọ̀ǹpútà kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ṣé ẹ rí i? Kọ̀ǹpútà náà kò yí padà. Ọ̀nà ló yí padà.

Tí a bá so gbogbo wọn mọ́ switch kan, a lè fi kọ̀ǹpútà tó lágbára jù ṣe olórí, kí àwọn tó kù máa mú fáìlì lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan á ní kí á lo folder tí Windows ń pín. Ó dára, àmọ́ láti òpin 2017 ni Windows 10 tuntun kò ti tan èdè àtijọ́ tí Windows XP ń sọ fún un mọ́, nítorí náà XP kò ní rí i. FTP ló ń sọ èdè gbogbo wọn. Ẹ fi FileZilla Server sórí olórí, kí àwọn tó kù lo FileZilla. Ó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí iná bá sì lọ, ó lè máa bá a lọ láti ibi tó dúró. Inú yàrá wa nìkan ni kí á ti lò ó báyìí o, nítorí FTP lásán kì í bo password mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ní oṣù kẹrin 1971 ni Abhay Bhushan, ọmọ Íńdíà tó wà ní MIT ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé àkọ́kọ́ tó gbé FTP kalẹ̀. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ohun tí ọ̀dọ́ kan kọ ní ọdún yẹn la fẹ́ fi gbà wá lọ́wọ́ owó dátà lónìí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ohun àtijọ́ kò wúlò mọ́.

Ìmọ̀ràn kékeré méjì lórí pípín. Tí ẹ bá ní ẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké, bí àwòrán ìbéèrè, ẹ kọ́kọ́ zip wọn di ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa ń fi àkókò ṣòfò lórí ṣíṣí àti títì fáìlì kọ̀ọ̀kan. Fídíò ní tirẹ̀, zip kò ní kó kéré, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Èkejì, TeraCopy lè dá ẹ̀dà dúró, kó tún bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé. Ó dára fún àwa tí iná ń lọ lórí wa.

TÍ A BÁ NÍ LÁTI DÁŃLÓÒDÙ

Àwọn ohun kan wà tí kò sí ládùúgbò, a ní láti fà wọ́n wálẹ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi bíráúsà lásán ṣe é tí fáìlì bá tóbi. Ẹ lo download manager. Free Download Manager wà lọ́fẹ́ẹ̀. Internet Download Manager tí gbogbo ènìyàn ń pariwo jẹ́ ti owó lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gba "crack" rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú crack ni wọ́n ń fi fáírọ́ọ̀sì pamọ́ sí, kọ̀ǹpútà tí ẹ ní ó lọ́ra á wá di èyí tí ẹlòmíràn ń lò.

Kí ni download manager ń ṣe? Ó ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, ó ń fà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, tí iná bá sì lọ, ó ń rántí ibi tó dé. Kò lè sáré ju nẹ́tíwọ̀kì lọ, ẹ má jẹ́ kí ìpolówó tàn yín. Èrè rẹ̀ fún wa ni rírántí yẹn. Ká ní ọmọbìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lò ó, tí ibi tó ti ń fà á sì gba irú ìtẹ̀síwájú bẹ́ẹ̀, ìdá méjì tó kù nínú mẹ́wàá nìkan ni ì bá rà lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ orí Windows náà tún wà níbẹ̀. Windows XP ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú Microsoft láti oṣù kẹrin 2014, Windows 7 láti oṣù kìíní 2020, Windows 10 láti oṣù kẹwàá 2025. Chrome pàápàá fi Windows 7 sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìkànnì kan kì í fi í ṣí mọ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, tí a ó sì máa bú nẹ́tíwọ̀kì. Èyí tó bá gbé 2GB RAM tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a lè fi Linux fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi Lubuntu sí i. Èyí tí kò bá lè gbé e, kó máa ṣe iṣẹ́ tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì: kó máa ṣí fídíò, PDF àti ìdánwò CBT tí a fi sórí rẹ̀.

Ẹ rántí àwọn laptop kéékèèké tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa pín fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà ìjọba àkọ́kọ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láàárín 2010 sí 2014. Mo mọ ilé tí wọ́n ṣì wà nínú àpótí. Ẹ má jù wọ́n nù. Tí ó bá ṣì ń tàn, tí ó sì ní ojú Ethernet, ó lè jókòó sídìí switch wa.

ÈRÈ TÓ WÀ NÍNÚ KÍKÓ FÁÌLÌ SÍ ÌLÚ

Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Ọmọ ọgbọ̀n ló ń múra fún JAMB. Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá dáńlóòdù 1.4GB, ìlú wa ti ra 42GB. Tí ẹnì kan bá dáńlóòdù rẹ̀, tí àwọn tó kù sì mú un nínú yàrá wa, 1.4GB péré la rà. Ní oṣù kìíní 2025, NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Gbogbo wa la rí i nínú àpò wa. 42GB yẹn kì í ṣe eré mọ́.

Kì í ṣe owó nìkan. Ẹ ó rántí 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bíi WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì fi dàrú ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, fáìlì tó wà nínú yàrá wa kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní Abidjan.

Àwọn ohun tó dára láti kó síbẹ̀ pọ̀. Kiwix wà, ó ń jẹ́ kí á ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Yorùbá pẹ̀lú. Kolibri wà, tí wọ́n ṣe ní pàtó fún ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Fídíò ìpàdé wa, ohùn àwọn àgbà wa tó ń sọ ìtàn ìlú, gbogbo rẹ̀ lè wà níbẹ̀.

FÚN Ẹ̀YIN TÍ Ẹ WÀ LẸ́YÌN ODI

Ẹ ṣeun tí ẹ kò gbàgbé ilé. Tí ẹ bá ń fi fídíò ayẹyẹ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fídíò lásán, WhatsApp á fún un mọ́lẹ̀, ojú àwọn ènìyàn á di bàìbàì. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document. Láti 2022, ó ń gba fáìlì tó tó 2GB. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ránṣẹ́ sí gbogbo group, nítorí igba ènìyàn á dáńlóòdù rẹ̀. Ẹ fi sórí Google Drive, tó ń fún ènìyàn ní 15GB lọ́fẹ́ẹ̀, kí ẹ fi link ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ọ̀dọ́. Àwa á fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ó kó o sí yàrá.

Tí ẹ bá sì fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi wá. Kọ̀ǹpútà méjì tó ní SSD dára ju mẹ́wàá tí ẹ kó jọ láìyẹ̀ wò.

OHUN TÍ A Ń BÈÈRÈ

Mi ò sọ pé kí á má ra kọ̀ǹpútà tuntun láéláé. Nínú mẹ́sàn-án wa, méjì ti kú tán, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí a tó na owó ńlá, ẹ jẹ́ kí á na kékeré lórí nǹkan mẹ́rin:

1. Switch kan tó ní ojú mẹ́rìndínlógún, pẹ̀lú wáyà Ethernet tó tó.
2. External hard disk 1TB kan, tí yóò máa jẹ́ ilé ìkó-fáìlì-sí wa, àti èkejì fún ẹ̀dà rẹ̀.
3. SSD fún kọ̀ǹpútà mẹ́rin tó dára jù, kí wọ́n lè tètè tàn, kí wọ́n sì tètè ṣí nǹkan.
4. Dátà oṣooṣù kan ṣoṣo, tí ẹnì kan yóò máa mójútó.

Akápò wa yóò mú iye owó wá láti ọjà, a ó sì gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sórí group kí gbogbo ènìyàn rí i. Iṣẹ́ sísomọ́, àwa ọ̀dọ́ ni yóò ṣe é, a kò ní gba kọ́bọ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí á fi lélẹ̀, òun náà sì kò ná wa ní nǹkan kan: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dáńlóòdù ohun tó ju 500MB lọ, kó kọ́kọ́ béèrè lórí group pé, "Ta ló ní i?" Ẹni tó bá ní i, kó dáhùn. Èmi fúnra mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ gbogbo ohun tó wà lórí fóònù àti laptop mi sílẹ̀, ẹ ó rí i lórí group lálẹ́ òní.

Ọmọbìnrin yẹn? Mo gbé fóònù àti wáyà lọ bá a. Kó tó di pé ìyá rẹ̀ fún mi ní omi mu tán, fáìlì ti wọlé. Ìyá náà bi mí pé, "Ṣé ó tán nìyẹn?" Mo ní ó tán, mà. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo èmi, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló gbé mi wá síwájú yín lónìí.

Àwọn baba wa so ara wọn pọ̀ ní Èkìtìparapọ̀, wọ́n sì dúró títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀. Wáyà la ní kí á so pọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá wa na ọwọ́ sí pẹpẹ. Àwa á ti ọwọ́ bọ kèrègbè.